Ìsìn Tí Kì Í Ṣe Ìsìn ní Saint-Boniot

Àwa la dìbò fún un. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ńṣe ni Honoré Pélissou já lu ìlú wa láti ojú ọ̀run. Lọ́dún tó du ipò mẹ́yọ̀, ẹnì kan péré ló bá a du ú, ẹni ọ̀hún sì jáwọ́ nígbà tó gbọ́ pé mẹ́yọ̀ ni wọ́n máa ń pè tí gọ́tà bá dí. La bá rọra wọ gbọ̀ngàn ìlú, a ju ìwé ìbò sínú àpótí, a sì lọ jẹun ọ̀sán wa. Kó tó di pé a kan wàràkàṣì lẹ́yìn oúnjẹ, a ti ní mẹ́yọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì rántí ẹni tó jẹ́.

Kó tó di mẹ́yọ̀, mọ́tò wíwà ló fi ń kọ́ àwọn èèyàn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń wa mọ́tò ní Saint-Boniot tí Pélissou ò tíì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ rí, kó sì ṣàdédé tẹ búrèkì tiẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìwà yìí ló gbé wọ ìṣèlú. Ó gbà pé ẹnikẹ́ni lè di ọwọ́ ìdarí mú láyé yìí, àmọ́ abẹ́ ẹsẹ̀ òun ni búrèkì wà.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta orílẹ̀-èdè Faransé kọ́ ọn léjìká, ara ọkùnrin náà yí padà. Àwọn mẹ́yọ̀ yòókù máa ń ká ọ̀já tiwọn sínú dúrọ́ọ̀, ó dìgbà tẹ́nì kan bá ń gbéyàwó kí wọ́n tó mú un jáde. Pélissou ń gbé tiẹ̀ kọ́ lọ ra búrẹ́dì.

"Bàbá Clémence," ni Odile ìyàwó ẹ̀ wí lálẹ́ ọjọ́ kan, "ṣé ọ̀já yẹn lẹ fẹ́ wọ̀ sùn ni?"

"Odile, orílẹ̀-èdè kì í sùn."

"Ẹ̀yin máa ń hanrun ṣá."

Ẹ má bínú sí Pélissou jù. Ohun kan wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bàbá Odile, kó tó kú, ọ̀gá àwọn alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ni, ìjọba sì ti fi ribọ́nì pupa dá a lọ́lá. Ribọ́nì kékeré yìí, tí wọ́n máa ń há mọ́ igbáàyà kóòtù, kò tóbi ju èékánná lọ, àmọ́ ẹni tó bá ní in ò ní kọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni mọ́ títí ayé. Nígbàkigbà tí àlejò bá wá, ohun tí bàbá náà fi máa ń júwe Pélissou ni pé, "Ọkọ ọmọ mi rèé. Ó ní mọ́tò." Bàbá ti kú o, àmọ́ fọ́tò ẹ̀ ṣì wà lára ògiri, ribọ́nì láyà, ojú ẹ̀ ò kúrò lára àwo oúnjẹ Pélissou. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ń fẹ́ láyé ò ju pé kí wọ́n há ribọ́nì yẹn mọ́ òun náà láyà, kóun jókòó síwájú fọ́tò náà, kóun wá fi ìbàlẹ̀ ọkàn mu ọbẹ̀ òun.

Wọ́n wá sọ fún un ní olú ìlú àgbègbè pé mẹ́yọ̀ tó bá ta àwọn yòókù yọ nínú gbígbèjà òfin tó ya ṣọ́ọ̀ṣì sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba, ribọ́nì ò jìnnà sí i. Gbogbo wa la mọ òfin náà láti kékeré. Ìjọba ò ní ẹ̀sìn, ẹ̀sìn ò gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún ìjọba, ẹni tó bá ní Ọlọ́run kó máa mú un lọ sílé. Àwa ará Saint-Boniot ń pa á mọ́ láìlàágùn: a kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ la kì í lọ sí ìpàdé ìlú. Ojú kan náà la fi ń wo méjèèjì.

Pélissou ní ìyẹn ò tó. Ó pe ìgbìmọ̀ ìlú jọ, ó dìde, ó fọwọ́ ra ọ̀já láyà.

"Ẹ̀yin aṣojú ará ìlú! Láti ayébáyé ni ẹni mímọ́ kan ti jókòó lé orúkọ ìlú yìí lórí bí adìyẹ tó sàba! Mo bi yín léèrè, ta ló dìbò fún Ẹni Mímọ́ Boniot?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ọ̀gá Mẹ́yọ̀!" Fabrègue ló fèsì. Igbákejì mẹ́yọ̀ ni, iṣẹ́ tó sì mọ̀ jù lọ ni àtẹ́wọ́. Àtẹ́ẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti le bíi ti agbẹ́gilódò látàrí iṣẹ́ ìlú.

"Ṣé ó sanwó orí?"

"Kò san rárá, Ọ̀gá Mẹ́yọ̀!"

"Kó kúrò níbẹ̀!"

Fabrègue pàtẹ́wọ́ títí ìgò omi fi ṣubú lórí tábìlì. Bí wọ́n ṣe fi ọ̀dà funfun pa "Saint" rẹ́ lára bọ́ọ̀dù ojú títì nìyẹn, tá a di ará Boniot. Àwọn tó ń gbé ẹrù wá fún wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù, torí fóònù tó ń júwe ọ̀nà fún wọn ò mọ ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ìyá kan rà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà òtútù ló tó rí i. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. A ní ká má dá wàhálà sílẹ̀, ìwà wa látilẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló wọ ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Kéèkì olókìkí kan wà tó ń jẹ́ Saint-Honoré, gbogbo ìdílé ló máa ń rà á ní Sunday. Pélissou ní kí wọ́n yọ "Saint" kúrò níwájú ẹ̀. Oníbúrẹ́dì ò bá a jiyàn, ó tún àkọlé kọ. Láti ọjọ́ náà, Honoré là ń gé jẹ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tòun ti kírímù, orí mẹ́yọ̀ wa sì wú débi pé ó ní kí wọ́n máa to kéèkì náà síbi tí ojú kọ́kọ́ ń dé nínú gíláàsì.

Ó wá kan agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ rántí pé òfin yìí kan náà ló fi ilé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sọ́wọ́ ìlú, kọ́kọ́rọ́ ilé agogo sì wà lọ́wọ́ mẹ́yọ̀. Pélissou ti ilẹ̀kùn, ó pa agogo àdúrà ọ̀sán lẹ́nu mọ́. Dípò ẹ̀, ó gbé gbohùngbohùn kọ́ sórí gbọ̀ngàn ìlú, lọ́sàn-án ojoojúmọ́, ohùn ẹ̀ a sì máa ka ìlà àkọ́kọ́ nínú òfin náà sí wa létí. Àwa tá ò dúró fún agogo rí láyé wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fún Pélissou. Àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà, àwọn obìnrin ń gbé báàgì sílẹ̀. Ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ fà á, torí ó máa ń pe orúkọ ẹni tó bá rí láti ojú fèrèsé ẹ̀ tó ń rìn lọ. Nígbà tó yá, a ti mọ́ra, oúnjẹ ò tiẹ̀ wá lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́ tá ò bá tíì gbọ́ ọ.

Fada wa, Anselme Mukendi, ọmọ Kóńgò ni. Gbogbo abúlé tó wà lórí òkè náà, òun nìkan ló ń bójú tó wọn, mọ́tò kékeré kan tó ti gbó ló sì fi ń sáré kiri. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń kàn wá. Bó ṣe dé lọ́jọ́ kan, Pélissou ti dúró dè é.

"Fada, ẹ wo òpó yẹn. Ibẹ̀ ni ìjọba parí sí. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀."

"Òpó iná nìyẹn, Ọ̀gá Mẹ́yọ̀."

"Mo mọ̀ pé òpó iná ni! Ohun tí mò ń sọ ni pé mi ò fẹ́ rí aṣọ gígùn yín kó kọjá ẹ̀."

"Mọ́tò mi ńkọ́? Ọ̀dọ̀ tiyín ni mo páàkì ẹ̀ sí."

Pélissou yíjú wo mọ́tò náà, ara ẹ̀ bù máṣọ. "Ta ló kọ́ yín ní páàkì? Ẹ ò rí i pé taya ẹ̀yìn ti gun ìlà! Ó yá, ẹ wọlé. Ẹ fi sí rìfáàsì. Ẹ yí i sọ́tùn-ún... sọ́tùn-ún, mo ní! Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ dúró!"

"Ẹ ṣé o. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Kò gbọ́dọ̀ san nǹkan kan! Ìjọba ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀!"

Fada rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ bá àwọn opó mẹ́rin tó ń dúró dè é nínú òtútù. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ò ní ẹ̀rọ amúlégbóná.

Gbọ̀ngàn ìlú ní. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wá bẹ́ sílẹ̀.

Àṣà kan wà láàárín wa tí wọ́n ń pè ní ìsàmì ìjọba. Àwọn òbí tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lè gbé ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ mẹ́yọ̀, kó ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa òmìnira àti ìwà ọmọlúàbí, kí àwọn méjì fọwọ́ sí i pé àwọn máa jẹ́ alágbàtọ́ ọmọ náà, kí gbogbo wọn sì mu wáìnì. Tó o bá gbé ẹyin kaná kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹyin náà á ṣì máa rọ̀ nígbà tó bá parí. Pélissou ní ìwọ̀sí ni ìyẹn fún orílẹ̀-èdè. Ó gbé e lọ sí Sunday, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó to bẹ́ǹṣì ilé ìwé àtijọ́ ní ìlà-ìlà. Ó tẹ́ rọ́ọ̀gì pupa sáàárín. Ère Marianne, obìnrin onífìlà tó dúró fún orílẹ̀-èdè wa, tó ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú eruku lórí, ó gbé e sórí pẹpẹ gíga kan, ó tan àtùpà síwájú ẹ̀, ó ní iná làákàyè ni, kò gbọ́dọ̀ kú láé. Fabrègue ló máa ń ṣíwájú wọlé, ó máa ń gbé ìwé òfin lórí tìmùtìmù. Àwọn ọmọdé a kọrin. Pélissou a wá gorí àga sọ̀rọ̀ títí ebi á fi máa pa ère fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wáìnì àti ólífì á jáde.

A kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: inú ilé móoru, wáìnì jẹ́ ti ìlú, kò sì sí ohun méjì tí èèyàn lè ṣe ní Saint-Boniot láàárọ̀ Sunday. Àwọn opó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà kó kúrò nínú òtútù, wọ́n wá jókòó síwájú pátápátá. Nígbà tí ọmọ ìkókó tán nílùú (a kì í bímọ púpọ̀), Pélissou bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìsàmì ìjọba fún àgbàlagbà. Ó ṣe é fún oníbúrẹ́dì. Ó ṣe é fún Fabrègue lẹ́ẹ̀mejì.

Clémence, ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń ṣe tíṣà, wá kí wọn, ó jókòó sẹ́yìn, ó wo gbogbo ẹ̀ parí. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Dádì, ìsìn nìyẹn o."

"Ìsìn ṣe jẹ́? Ṣé o gbọ́ kí n dárúkọ Ọlọ́run?"

"Mi ò gbọ́. Àmọ́ Mama Vidalenc, ọ̀kan lára àwọn opó yẹn, fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú kó tó jókòó."

"Ayọ̀ orílẹ̀-èdè ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò mọ ibòmíì tó lè gbà."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ di kékeré bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ máa kábàámọ̀ ẹ̀."

"Clémence," ni Pélissou wí, ó ń wo fọ́tò ara ògiri láti igun ojú, "gbogbo ẹni ńlá ni ọmọ wọn kì í mọyì wọn."

Mama Vidalenc yìí ló wá dáná sí i. Ìbàdí ti ń dun ìyá náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ní Sunday kan, bó ṣe fẹ́ dìde lọ síbi wáìnì, ó yẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó sì di imú Marianne mú kó má baà ṣubú. Nígbà tó délé, ó ní ìbàdí òun ò dun òun mọ́. Ó lè jẹ́ wáìnì ló ṣe é. Àwa ò bi í bẹ́ẹ̀. Ní Sunday kejì, ìlà àwọn tó fẹ́ kí Marianne gùn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni eyín ń dùn, ẹni ọmọ ẹ̀ fẹ́ ṣèdánwò, ẹni ọkọ ẹ̀ lọ, ẹni ọkọ ẹ̀ kọ̀ tí kò lọ. Imú ère náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán gbinrin. Nígbà tó yá, Mama Vidalenc mú òkúta mábù pẹlẹbẹ kan bọ̀, irú èyí táwọn èèyàn fi ń dúpẹ́ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì kọ ọ́ sára ẹ̀ pé: Ẹ ṣé, Marianne.

"Ọ̀gá Mẹ́yọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò burú tí mo bá kàn án mọ́ ògiri?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ ti mọ ohun tó yẹ kó sọ. Pélissou ka òkúta náà, omi lé ròrò lójú ẹ̀.

"Mama Vidalenc! Ìyá orílẹ̀-èdè! Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba! Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba rí. Fabrègue, mú òòlù wá!"

Ògiri kún. Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn èèyàn wá láti abúlé mìíràn. Pélissou pe àwọn oníwèé ìròyìn, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, ó ní káwọn ará ìlú ńlá wá wò ó, bí ìfẹ́ òfin ṣe ń jó bí iná lọ́kàn àwọn ará oko. Àwòrán náà jáde lójú ewé kìíní. Lẹ́yìn ẹ̀ nínú àwòrán ọ̀hún, obìnrin mẹ́ta kúnlẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan wà ní àgbègbè wa, àwọn tí kò gba nǹkan kan gbọ́, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa ṣọ́ òfin náà. Pélissou gan-an wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún, kò sì jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́ rí. Àwọn ló rí àwòrán. Wọ́n fẹjọ́ sùn pé ẹ̀sìn tuntun kan ti gba gbọ̀ngàn ìlú Saint-Boniot, wọ́n sì ní kí ìjọba gbégbèésẹ̀. Ìgbà tí aṣojú ìjọba ní àgbègbè, Madame Lanusse, wá kọ̀wé pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ àyájọ́ òfin náà láti fojú òun rí ohun tó ń lọ, Pélissou ka ìwé náà dé ibi tó ti sọ pé òun ń bọ̀, ó sì ká a.

"Odile! Wọ́n ń gbé ribọ́nì bọ̀!"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀?"

"Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í sọ ọ́. Ó máa wà nínú báàgì ẹ̀ ni. Bá mi fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù dúdú yẹn, ká rí ibi tí wọ́n máa há a mọ́."

Òótọ́ kan tó wà nínú ẹ̀, tó jẹ́ kí àánú ẹ̀ máa ṣe wá títí dòní, ni pé ribọ́nì náà wà nínú báàgì lóòótọ́. Orúkọ Pélissou ti jáde lára àwọn tó máa gbà á kí ẹjọ́ tó dé. Obìnrin náà gbé e dání wá, ó ní kóun kọ́kọ́ wo bó ṣe rí.

Ọjọ́ pé. Òtútù mú, gbọ̀ngàn kún. Pélissou ti ní kí wọ́n so gbohùngbohùn pọ̀ kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Madame Lanusse, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, jókòó síwájú, báàgì ẹ̀ lórí itan. Ó wo àtùpà. Ó wo àwọn òkúta ara ògiri, ó ka díẹ̀ lára wọn. Ó wo Combescure, àgbẹ̀ kan tó mú àgùntàn ẹ̀ tó ń tiro wá, tó jókòó ti rọ́ọ̀gì pupa.

"Baba, àgùntàn yín ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, Mà. Mo ní kó kàn fara kan imú yẹn lẹ́ẹ̀kan."

Fabrègue gbé ìwé òfin wọlé lórí tìmùtìmù, gbogbo wa dìde. Pélissou gorí àga. Ẹ ò bá rí bó ṣe dára tó lọ́jọ́ náà. Kóòtù ẹ̀ ń dán, ó sì ti fi àyè kékeré kan sílẹ̀ lápá òsì láyà, kí ọ̀já má baà bo ibẹ̀.

"Madame aṣojú ìjọba! Ẹ̀yin èèyàn mi! Òkùnkùn bo ìlú yìí nígbà kan rí! Agogo ń pàṣẹ fún ikùn wa! Ẹni mímọ́ ń gun orúkọ wa lẹ́ṣin! Ta ló gbà wá?"

"Ẹ̀yin ni!" la wí. A ti kọ́ ọ ṣáájú.

"Ta ló sọ ìlú yìí di mímọ́... di mímọ́ tónítóní kúrò nínú ẹ̀sìn?"

"Ẹ̀yin ni!"

Ohùn wa wọ̀ ọ́ lára. Ó dijú. Ní kékeré, kí ayé tó mọ̀ ọ́n, Pélissou ti wọ aṣọ funfun ran fada lọ́wọ́ nídìí pẹpẹ, àwọn ọ̀rọ̀ àdúrà ibẹ̀ kì í sì í jáde lára èèyàn tán. Kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní:

"Ẹ jẹ́ kí iná làákàyè yìí máa tàn lórí wa, bó ti wà ní àtètèkọ́ṣe, tó wà nísinsìnyí, tí yóò sì máa wà títí láé, ayé àìnípẹ̀kun!"

"Àmín!" ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn. Fabrègue ló lọ sókè jù. Àmọ́ Àmín tó gba gbogbo ìlú kan, tó dún lórí títì àti nínú oko, tó mú ajá gbó lẹ́yìn odò, ti Pélissou fúnra ẹ̀ ni, torí ẹnu ẹ̀ ló sún mọ́ máìkì jù.

Àwọn kan ti kúnlẹ̀. Àgùntàn wúkọ́. Madame Lanusse dìde.

"Ọ̀gá Mẹ́yọ̀, ìsìn ta ni mo wá yìí?"

"Kì í ṣe ìsìn rárá, Mà! Kò sí ìsìn níbí!"

"Kí ló wá dé táwọn yẹn fi kúnlẹ̀?"

"Wọ́n... wọ́n sinmi orúnkún ni, Mà."

"Mo ti gbọ́. Òfin tí ẹ̀ ń kà lọ́sàn-án, mo mọ òun náà díẹ̀. Kò gbà kí mẹ́yọ̀ àti fada máa gbé inú ṣòkòtò kan ṣoṣo. Ẹ mú ọ̀kan. Tó bá jẹ́ mẹ́yọ̀, ẹ fẹnu ara yín sọ fáwọn èèyàn yìí nísinsìnyí pé òkúta lásán ni ère yìí, pé kò wo ẹnì kankan sàn, kí wọ́n má wá mọ́. Lẹ́yìn náà, mo ní nǹkan kan fún yín nínú báàgì."

Pélissou yíjú sí wa. Ribọ́nì kù díẹ̀ kó dé àyà, gbólóhùn kan ló kù. Mama Vidalenc ń wò ó láti iwájú, ọwọ́ ẹ̀ lórí ìbàdí. Pélissou mirí. Kì í ṣe àánú ìyá náà ló ń ṣe é tó bẹ́ẹ̀, ká má purọ́ mọ́ ọn. Kò kàn lè fara dà á kí gbọ̀ngàn yẹn ṣófo ni. Ló bá ṣe ohun tí olóṣèlú máa ń ṣe tọ́rọ̀ bá ti kọjá agbára ẹ̀.

"Àwọn ará ìlú ni kí wọ́n sọ ọ́! Ta ló fẹ́ kí n jẹ́ mẹ́yọ̀?"

Ó ń retí ariwo. Kò sí ọwọ́ kan tó lọ sókè. Fabrègue gbé ọwọ́ tiẹ̀ díẹ̀, ó wò yíká, ó fi họ etí.

"Ta ló fẹ́ kí n... máa ṣe Sunday?"

Ọwọ́ kún inú ilé bí oko àgbàdo. Combescure na ti àgùntàn náà sókè. Pélissou wo ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀, ọwọ́ Odile wà lókè.

"Odile? Ìwọ náà?"

"Bàbá Clémence, ẹ má bínú. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ju mẹ́yọ̀ lọ."

Madame Lanusse pa báàgì ẹ̀ dé, ó dún gbàgì. Pélissou bọ́ ọ̀já kúrò léjìká, Fabrègue sì ti na ọwọ́ gbà á kó tó kúrò lórí ẹ̀ tán.

Ẹ̀yin á sọ pé ó kéré tán, ó ní àwa. Ẹ ò tíì mọ̀ wá. Wọ́n kó bẹ́ǹṣì, wọ́n ká rọ́ọ̀gì, wọ́n gbé Marianne lọ sí yàrá òkè, wọ́n yọ òkúta ìdúpẹ́ kúrò lára ògiri, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ní Sunday. Pélissou dúró níta gbangba ní aago mẹ́wàá, nínú òtútù, ó fọwọ́ bàpò, ó ń retí ìjọ ẹ̀. A rí i. A wò ó láti ẹ̀yìn fèrèsé. Ìfẹ́ tá a ní sí i pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í jáde tí wáìnì àti ooru ò bá sí níbẹ̀. Fada Anselme nìkan ló kọjá, ó wálẹ̀ nínú mọ́tò, ó fún un ní kọfí nínú ìdérí fúlásíkì.

"Ẹ wá bá wa jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò gbà á gbọ́, Fada."

"Mo mọ̀. Òtútù ibẹ̀ ò béèrè ìyẹn."

Kò lọ. Ó mu kọfí, ó ní páàkì Fada ti dára sí i, ó sì lọ sílé lọ mu ọbẹ̀ ẹ̀ níwájú fọ́tò.

Fabrègue ló di mẹ́yọ̀. A dá "Saint" padà sórí bọ́ọ̀dù, àwọn ẹrù wa ti ń dé. Kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé kò sí nǹkan mímọ́ kankan nínú gbọ̀ngàn ìlú mọ́, Fabrègue ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kọfí kan sí ibi tí ère wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun ni, iná kékeré kan ń tàn níwájú ẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Pélissou wá ṣe káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó bá Mama Vidalenc tó dúró síwájú ẹ̀rọ náà, tó tẹrí ba.

"Ó ti bàjẹ́, Mama."

"Mo mọ̀."

"Kò sí kọfí tó lè jáde níbẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín pé kọfí ni mo wá gbà?"

Pélissou wo ọ̀tún, ó wo òsì. Láti inú ọ́fíìsì mẹ́yọ̀, à ń gbọ́ ohùn Fabrègue tó ń dá nìkan kọ́ ọ̀rọ̀ tó máa sọ, tó sì ń pàtẹ́wọ́ fún ara ẹ̀. Pélissou ṣí fìlà, ó dúró sẹ́yìn ìyá náà.

"Kí lẹ̀yin fẹ́?" ni Mama Vidalenc sọ wúyẹ́wúyẹ́, kò yíjú.

Pélissou fọwọ́ ra àyà kóòtù ẹ̀. "Ribọ́nì náà ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Ọ̀gá. Ẹ̀rọ tuntun ni, etí ẹ̀ ò tíì là."